Wúfà lẹ́yìn ìjókòó Hilux: kí ni àyè ibẹ̀ lè gbà?

Ọmọ Aró

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mò ń gbé, rédíò tó bá a wá ló ṣì wà lójú ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi to wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ orin) méjì onínṣì 12 sẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹnì kan tó ń ta sáùǹdì mọ́tò ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo níbí, ní kò sí wàhálà, pé ẹni tó ń rán síìtì á ti ìjókòó síwájú díẹ̀, á sì gé lára fóòmù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé bẹ́ẹ̀sì kì í dún nínú píkọ́ọ̀pù torí pé kò ní búùtù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ má gbàgbé o, àwọn ọmọ méjì ló máa ń jókòó níbẹ̀.

* * *

Baba Téèpù

Ẹni tó ń tajà bù mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ yín náà bù mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀sì ń dún nínú píkọ́ọ̀pù dáadáa. Ìgbì ìró 50 Hz (èyí tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà 7, láti dáṣíbọ́ọ̀dù Hilux dé gíláàsì ẹ̀yìn kò sì tó ìdajì ìyẹn. Ìró náà ò ráyè nà tán. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni kónù, ìyẹn ojú wúfà tó ń gbọ̀n, ń tì tó sì ń fà, ìdí nìyẹn tí wúfà kékeré fi ń dún nínú ọkọ̀ ju bó ṣe máa dún ní gbangba lọ.

Ohun tó máa dà yín láàmú ni bí ẹ̀yìn ìjókòó yẹn ṣe jìn sí. Ẹ tú ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ kó jáàkì àti sípánà táyà kúrò, kí ẹ fi téèpù wọn ún níbi mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní bá ara wọn mu, torí ìjókòó rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ á fẹ̀, òkè á há. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí Indomie sí ìrísí àlàfo yẹn, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ dá ìjókòó padà, kí ẹnì kan tó sanra fi ẹ̀yìn tì í dáadáa. Bí páálí bá rún, àpótí pákó ò ní rún ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ọmọ ló máa rún.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ mú jíjìn tí wọ́n kọ sára páálí wúfà, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un kí mágínẹ́ẹ̀tì lè rí afẹ́fẹ́, ẹ fi 1.8 kún un fún pákó ẹ̀yìn, ẹ fi 2.5 kún un níwájú kí kónù má baà máa gbá ẹ̀yìn ìjókòó. Wúfà onínṣì 12 tí gbogbo ayé ń rà sábà máa ń jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ rò ó pọ̀, ó di 21.3. Onínṣì 10 pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní shallow, máa ń jìn tó 8.3, òun di 14.6. Ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí téèpù yín sọ, ẹ óò rí ẹni tó ń parọ́.

* * *

Oníná Mọ́tò

Baba ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ títi ìjókòó síwájú yẹn, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é nílùú yìí.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á tú bóòtù ìjókòó, wọ́n á fi irin gígùn tàbí wọ́ṣà bíi mẹ́fà sáàárín, wọ́n á wá wá bóòtù tó gùn jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtù àlòkù, wọ́n á sì so ó. Bóòtù ìjókòó kì í ṣe bóòtù ilẹ̀kùn. Irin líle ni, wọ́n sì ṣe é kí ó fara ti ilẹ̀ ọkọ̀ ní tààrà. Tí ẹ bá ti fi wọ́ṣà gbé e sókè, bí ọkọ̀ bá fi orí gbá nǹkan, bóòtù yẹn á tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ni. Ìgbànú ìjókòó náà kò ní wà níbi tó yẹ kó wà lára ọmọ mọ́.

Gígé fóòmù ńkọ́? Irin wà nínú fóòmù. Ẹ lè gé sẹ̀ǹtímítà kan, ó pọ̀ jù méjì, lẹ́yìn pátápátá níbi tí kò kan ẹni tó jókòó. Tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ ti ń gbé ọmọ lé irin lórí nìyẹn.

* * *

Ọmọ Aró

Mo ti wọn ún. Ìsàlẹ̀ 18.5, àárín 15.5, òkè 12.5. Gíga rẹ̀ dé ibi tí gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 41. Ṣé onínṣì 12 ti kú nìyẹn?

* * *

Baba Téèpù

Ó ti kú. Ẹ sin ín.

Ó kù sí onínṣì 10 pẹlẹbẹ, kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi ti kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ 2.5 tó máa wà níwájú kúrò nínú 18.5, ó ku 16 fún àpótí ní ìsàlẹ̀. Ẹ yọ pákó méjì, 3.6, ó ku 12.4 nínú lọ́hùn-ún. Bákan náà lókè: 12.5, yọ 2.5, yọ 3.6, ó ku 6.4. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní 12 àti 6, kí kápẹ́ẹ̀tì tó máa bo àpótí lè ríbi gbà. Ìdajì wọn jẹ́ 9. Bí gíga inú bá jẹ́ 36, tí gígùn inú bá jẹ́ 60, 60 lọ́nà 36 lọ́nà 9 jẹ́ 19,440, ìyẹn lítà 19 àti díẹ̀. Wúfà fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi lítà 1. Lítà 18 tó kù tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onínṣì 10 pẹlẹbẹ. Láàárín lítà 10 sí 20 ni àwọn tó ń ṣe wọ́n sábà máa ń béèrè. Tiyín gan-an wà nínú ìwé tó bá a wá, ẹ kà á kí ẹ tó pe káfíńtà.

Ibi tí ihò wúfà máa wà ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á gbé e sí àárín torí pé ó dára lójú. Àárín ti há. Ẹ jẹ́ kí àárín ihò wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀ inú àpótí. Níbẹ̀, inú ṣì jìn tó 9.5. Ara wúfà tó máa wọlé kọjá pákó iwájú jẹ́ 6.5, ó ku 3 lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn dára.

* * *

Ẹni Òkèèrè

Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ abẹ́ ìjókòó rárá. Ìsàlẹ̀ ìjókòó Hilux ṣófo, ẹ dojú wúfà kọlẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ni gbogbo wàhálà ẹ̀yìn yìí?

* * *

Baba Téèpù

Òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe é, ó sì ń dún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀ yín lóṣù keje, tí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú bàtà olómi. Omi á wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀) á mu ún, ìdí àpótí á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Tí ẹ bá ta kú pé abẹ́ ìjókòó lẹ fẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ rọ́bà gbé àpótí sókè, ẹ kun ìdí rẹ̀ ní ọ̀dà olóròóro lẹ́ẹ̀mejì, kí ojú wúfà sì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 2.5 jìnnà sí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bèèrè ní ẹ̀yìn ni. Ẹ jẹ́ ká dúró sí ẹ̀yìn.

* * *

Káfíńtà Alẹ́kúwodò

Àbúrò, gbọ́ tèmi lórí pákó. MDF 18 mm ni gbogbo ènìyàn ń sọ, kò burú, torí ó wúwo, kì í sì í gbọ̀n. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Bí rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ bá ń jò, ra pláíwúùdù inṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin tó dáa, tí kò ní ihò láàárín. Fi àdá gbá a létí kó o tó sanwó: tí ohùn rẹ̀ bá yí padà níbì kan, ihò wà níbẹ̀. Má fojú wo pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi lẹ̀ pọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú. Síkúrúù kì í dì í mú.

Ìsopọ̀ rẹ̀: gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ní gbogbo etí, síkúrúù 4 mm tó gùn tó 45 mm ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra. Kọ́kọ́ fi dírìlì 2.5 mm lu ihò, torí etí MDF máa ń là bí obì. Jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kó o wá fi sílíkóònù tẹ gbogbo ìkángun inú. Sílíkóònù tútù ní òórùn kíkan tó lè ba ibi tí wúfà ti ń gbọ̀n jẹ́, nítorí náà, fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kó o tó de wúfà mọ́ ọn.

Pákó iwájú máa dagun díẹ̀, ìyẹn ni pé etí pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò ní jẹ́ igun gígún. Má fi ojú dá a. Fi páálí tó o gé yẹn sámì sí i, gé e tán, fi pílénà tẹ́ ẹ.

* * *

Ẹni Òkèèrè

Ẹ ṣe ihò atẹ́gùn sí i ńkọ́? Àpótí tó dì pa kì í dún tó èyí tó ní páìpù. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń fi ọkọ̀ dá ilẹ̀ rú lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, páìpù ni wọ́n ń lò.

* * *

Baba Téèpù

Búùtù ni wọ́n ń lò wọn fún, wọn kì í há wọn sí ẹ̀yìn ìjókòó. Onínṣì 10 tó ní páìpù sábà máa ń fẹ́ ju lítà 30 lọ, páìpù náà á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ní 18. Bí ẹ bá fi páìpù sínú 18, yóò máa pariwo lórí nóòtì kan ṣoṣo bí ẹni ń lu páànù, bí orin bá sì rẹlẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n tọ́ páìpù sí, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa di kónù mú mọ́, á máa jù síwá-sẹ́yìn títí á fi bàjẹ́. Nínú àpótí tó dì pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gan-an ni sípírìǹgì. Bẹ̀ǹbẹ́ tí wọ́n fa awọ rẹ̀ dáadáa ni.

Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Onínṣì 10 kan pẹ̀lú 300 W RMS (agbára tó lè gbé láìdáwọ́ dúró) nínú Hilux, ẹni tí ìyẹn ò bá tó, etí rẹ̀ ni kó gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ka nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú páálí, 2000 W, 3000 W. RMS ni kí ẹ wá.

* * *

Oníná Mọ́tò

Ó kan iná wàyí, ibi tí mọ́tò ti ń jó nìyẹn.

300 W, tí amplifáyà (ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára) bá jẹ́ class D tó ń lo iná dáadáa tó ìdá 80 nínú 100: 300 pín 13.8, pín 0.8, ó jẹ́ nǹkan bíi ampere 27. Wáyà géèjì 8 tó jẹ́ kọ́pà gidi tó fún un láti bátìrì dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú fíúùsì 40. Tí ẹ bá ní lọ́kàn pé ẹ máa fi ìkejì kún un lọ́la, ẹ kúkú fa géèjì 4, tó nípọn ju 8 lọ, lẹ́ẹ̀kan, fíúùsì 60. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 45 sí orí bátìrì. Ẹni tó fi í sí ẹ̀gbẹ́ amplifáyà nìkan ti gbàgbé pé wáyà ló ń dáàbò bò, kì í ṣe amplifáyà.

Kọ́pà gidi, mo tẹnu mọ́ ọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà tó wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn lára. Ẹ fa okùn kan yọ, ẹ fi bíléèdì ha á: tó bá funfun nínú, òun nìyẹn. Bí ẹ bá máa lò ó náà, ẹ lo èyí tó nípọn jù ú lọ ní ìpele kan tàbí méjì, torí kì í gbé iná tó kọ́pà.

Níbi tí wáyà ti gba irin iwájú wọ inú ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà. Etí irin yẹn mú bí ọ̀bẹ. Ọ̀nà Ìkìrun kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo jíjà rẹ̀ ti tó láti bó o. Ẹ fa wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fa wáyà rédíò gba ẹ̀gbẹ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì nínú orin.

Ní ti ilẹ̀ iná, ìyẹn négétíìfù: àwọn èèyàn máa ń so ó mọ́ bóòtù ìgbànú ìjókòó. Ẹ má ṣe é. Ẹ wá irin ara ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lu ihò, torí páìpù epo àti ti bíréèkì ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ẹ ha ọ̀dà títí irin á fi dán, ẹ fi bóòtù àti wọ́ṣà eléyín dè é, kí ẹ wá fi gírísì bo ó kó má dógùn-ún. Wáyà yẹn kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kó sì nípọn bákan náà pẹ̀lú ti pọ́sítíìfù.

Ohun kan wà tó yà píkọ́ọ̀pù sọ́tọ̀. Ilé ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí ṣásíìsì pẹ̀lú rọ́bà láàárín, nítorí náà, wáyà tó so ilé ọkọ̀ mọ́ bátìrì ni iná ń gbà padà, ó sì lè ti jẹra. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan négétíìfù bátìrì àti irin ẹ̀yìn ìjókòó nígbà tí orin ń dún gan-an. Tó bá ju 0.3 fólítì lọ, ẹ fi wáyà nínípọn míì so bátìrì mọ́ irin ilé ọkọ̀. Iná iwájú tó ń ṣẹ́jú bí bẹ́ẹ̀sì bá ṣe ń dún, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ ra kàpásítọ̀. Ẹ wò ibẹ̀ ná.

* * *

Ọmọ Aró

Ẹ ṣeun gan-an. Rédíò tèmi kò ní ihò RCA (ibi tí wáyà ìró tó ń lọ sí amplifáyà ń wọ̀) lẹ́yìn. Ẹni tó ń tajà ní àfi kí n pààrọ̀ rẹ̀. Wúfà tí mo rí sì ní ẹnu wáyà mẹ́rin, wọ́n kọ 4 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

* * *

Oníná Mọ́tò

Kò sí ìdí tí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra amplifáyà tó ní ojú high level, ìyẹn èyí tó ń gba wáyà sípíkà, kí ẹ fi wáyà sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì bọ́ ọ. Láti mọ pọ́sítíìfù, ẹ tú wáyà náà kúrò lára rédíò, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fólítì kàn án: bí kónù sípíkà bá jáde síta, ẹnu tó wà lára pọ́sítíìfù bátìrì náà ni pọ́sítíìfù. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú rédíò lára.

Wúfà yín ní kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n yí tó ń ti kónù) méjì. Ẹ so pọ́sítíìfù méjèèjì pọ̀, négétíìfù méjèèjì pọ̀, ó di 2 ohm. Tí ẹ bá so wọ́n tẹ̀ léra, ó di 8, amplifáyà ò sì ní fún yín ní agbára tó. Tí ẹ bá wá fi wúfà kejì irú rẹ̀ kún un tí ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, 1 ohm ni yóò dà, ọ̀pọ̀ amplifáyà tí wọ́n kọ 2 ohm sí kò ní gbà á. Iná pupa á tàn, ooru á mú un. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó tan nǹkan: 2 ohm á máa ka nǹkan bíi 1.7 tàbí 1.8, kì í ṣe àṣìṣe.

Gain, bọ́tìnnì tó ń mú amplifáyà bá agbára rédíò mu, kì í ṣe bọ́tìnnì ariwo. Ẹ tú wúfà kúrò lára amplifáyà, ẹ pa bass boost (èyí tó ń fi kún bẹ́ẹ̀sì), ẹ gbé LPF (èyí tó ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ nìkan kọjá) sí 80 Hz, ẹ fi ìró 50 Hz sínú fóònù, ẹ gbé rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi mítà sí AC lójú ibi tí wáyà wúfà ti ń jáde. Fún 300 W ní 2 ohm, 24.5 fólítì ni kí ẹ dúró sí. Ẹni tó bá fi etí tò ó máa ń kọjá ibẹ̀ láìmọ̀, òórùn kọ́ìlì tó ń jó ló sì máa sọ fún un.

* * *

Káfíńtà Alẹ́kúwodò

Gbígbọ̀n ńkọ́? Ẹ dúró ní Ọláìyá nírọ̀lẹ́: nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ orin.

* * *

Baba Téèpù

Ká tó gbé àpótí wọlé rárá ni. Ẹ fi sípírìtì nu irin ẹ̀yìn, ẹ lẹ àwọn abala butyl (rọ́bà wíwúwo tó ń lẹ̀, tó ń dá irin dúró láti gbọ̀n) mọ́ àárín irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdá 25 sí 40 nínú 100 ti tó, kò dìgbà tí ẹ bá bò ó tán. Ẹ fi rólà tẹ̀ ẹ́ títí àwòrán ojú rẹ̀ á fi pa rẹ́. Ẹ má lo ọ̀dà-kólítà tí wọ́n fi ń dí òrùlé. Lóṣù kejì tí oòrùn bá mú, á rọ̀, á ṣubú, ọkọ̀ á sì máa rùn bí ojú títì tuntun. Ẹ fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ike àti irin, ẹ fi rọ́bà sẹ́yìn nọ́ńbà.

Àpótí náà kò gbọdọ̀ dá dúró. Àǹgúlù irin méjì, bóòtù 8 mm, mọ́ ara irin ẹ̀yìn. Nǹkan tó wúwo tó kílò 15 lẹ́yìn orí ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń fi kápẹ́ẹ̀tì há.

* * *

Ọmọ Aró

Ó ti yé mi, kan ṣoṣo ni. Jáàkì tí mo yọ ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílé?

* * *

Baba Téèpù

Rárá o. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á béèrè rẹ̀ pẹ̀lú C-caution, iná á sì béèrè ẹ̀rọ tí a fi ń pa á. Jáàkì ń lọ sí abẹ́ ìjókòó, ẹ wé e nínú àpò, ẹ fi bẹ́líìtì dè é mọ́ irin ìdí ìjókòó kó má baà máa dún.

Kí ẹ tó dá ẹ̀yìn ìjókòó padà, ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ kónù wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, káàkiri etí rẹ̀, kì í ṣe àárín nìkan, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ò fẹ́, àpótí dì. Bó bá fò padà lójú ẹsẹ̀, ó ń jò níbì kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà ti gba inú àpótí jáde.